Iná tí Mo Fẹ́ Fi Dá Màmá Dúró

Ọjọ́ Àìkú ni Màmá sọ ọ́. A ti jẹun tán, mo ń kó àwo. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, súwẹ́tà méjì wà lára wọn, wọ́n ní, "Oyèbísí, tí òtútù ilé yìí ò bá dínkù títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, jẹ́ kí Ṣìmí wá mú mi. Ilé tiẹ̀ móoru."

Mo ní, "Ó dáa, mà." Mo gbé àwo wọ kíṣìnì. Mo fọ àwo kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni nǹkan Ṣìmí ti ń móoru ju tèmi lọ. Àbúrò mi ni, mo fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Nígbà tí Màmá ń dín gàrí ní Ìkìrun, èmi ni mo ń koná sábẹ́ agbada, Ṣìmí ló ń kàwé. Nígbà tí ó di pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, Ṣìmí ló lọ. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn ni èmi fi kọ́ ẹ̀kọ́ tèmi. Mo ń kà á ní ìdájí kí n tó dáná gàrí, mo sì yege. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mi ò bínú. Bí ó ṣe rí ni mo kàn ń sọ.

Nígbà tí Màmá wá sí Kánádà, ọ̀dọ̀ Ṣìmí ní North York ni wọ́n kọ́kọ́ dé sí, nítorí ọmọ tuntun. Oṣù méjì gbáko. Ilé alájà gíga ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń háyà. Ooru ń ti ara ògiri jáde fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dáná rárá. Èmi ń ka ọjọ́. Nígbà tí ó kàn mí ní oṣù Kejìlá, tí mo lọ mú wọn wá sí ilé mi ní Bramalea, mo ti ra sítóòfù sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ̀rọ amúlégbóná tó bá ilé mi wá ti gbó, kò lágbára mọ́. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òtútù pa Màmá nílé Oyèbísí.

Sítóòfù náà kì í ṣe èyí tí a fi ń se ọbẹ̀. Àpótí irin ni, ó ga tó ìbàdí, ó ní ilẹ̀kùn gíláàsì níwájú. Igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì tún fún pọ̀ di kóró kéékèèké ló ń jẹ. Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á da àpò kan sí ikùn rẹ̀ lókè, irin kan tó ń yí á sì máa tì í díẹ̀díẹ̀ sínú abọ́ irin kékeré kan tó ní ihò nídìí. Inú abọ́ yẹn ni iná ti ń jó. Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí i, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n gbé e sí imú.

"Ṣé kì í ṣe oúnjẹ adìẹ nìyí?"

"Igi ni, mà."

"Wọ́n lọ igi, wọ́n tún wá fi ṣe igi." Wọ́n dà á padà sínú àpò. "Àwọn òyìnbó ò níṣẹ́."

Nǹkan mẹ́ta lèèyàn ń yàn lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí igi yóò ṣe máa yára wọlé tó, láti nọ́ńbà kan dé márùn-ún. Ìkejì ni afẹ́fẹ́ tí iná ń mí. Ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí i tàbí dín in kù. Ìkẹta ni fáànù tó ń fẹ́ ooru jáde sínú yàrá. Tí igi bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, iná á pọ́n bí epo, á máa rọ bí aláàárẹ̀, gíláàsì á sì dúdú. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju igi lọ, iná á kéré, á máa fò sókè, ooru tí ó yẹ kó wà nínú yàrá á gba ojú èéfín jáde lọ bá yìnyín. Èyí tí ó dára a máa mọ́lẹ̀ kedere, a máa ta kánkán, eérú rẹ̀ a sì fúyẹ́ bí èlùbọ́. Mo mọ gbogbo èyí nítorí pé mo ka ìwé tí ó bá sítóòfù náà wá láti páálí dé páálí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á. Wọ́n á máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń ta ayò, wọ́n á sì máa sun igi danù.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn mo pinnu. Ọjọ́ méje ni mo ní. Nǹkan kan ṣoṣo ni n ó máa yí padà lójúmọ́, n ó kọ ọ́ sílẹ̀, n ó sì wo ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, ilé mi á móoru ju ti Ṣìmí lọ.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, aago márùn-ún, mo da eérú àná nù bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, mo dáná. Mo fi igi sí nọ́ńbà mẹ́ta, mo ṣí afẹ́fẹ́ dé ìdajì, mo fi fáànù sí méjì. Iná náà dára. Mo dúró wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo wọn bí pẹ́lẹ́ẹ̀tì ṣe ga tó nínú ikùn sítóòfù pẹ̀lú rúlà, mo lọ sí ibi iṣẹ́. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó kó o jáde.

Mo dé ní aago mẹ́rin. Iná náà ti pọ́n, ó ń rọ. Gíláàsì ti dúdú. Yàrá tutù. Màmá wọ súwẹ́tà méjèèjì, wọ́n tún fi kóòtù mi lé e.

"Ẹ kú ilé, mà. Báwo ni òtútù?"

"A dúpẹ́. Ó kàn ń mú èèyàn díẹ̀ ni." Wọ́n ní, "Ṣìmí wá o. Ó gbé ọsàn wá fún ọ."

Mo wo ọsàn náà lórí tábìlì. Mi ò jẹ ẹ́.

Ní Túsìdeè mo fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, mo kàn ṣí afẹ́fẹ́ sí i. Ìdàrúdàpọ̀ kan náà ni mo bá nírọ̀lẹ́. Mo fi rúlà wọn pẹ́lẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì ni ara ti fu mí. Láti aago márùn-ún òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin, ní nọ́ńbà mẹ́ta, ó yẹ kí sítóòfù yẹn ti jẹ ju ìdajì àpò lọ. Kò jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Irin kì í gbààwẹ̀. Ẹnì kan ló ń pa á lọ́sàn-án.

Ta ni ó ń wọ ilé mi lọ́sàn-án? Ṣìmí ní kọ́kọ́rọ́. Òru ló ń ṣe ṣíìfù lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀sán rẹ̀ sì ṣófo. Ta ni ó ní ilé tó móoru, tí yóò jèrè tí ilé tèmi bá tutù? Nígbà tí mo ń rò ó lọ́wọ́, Màmá wà lórí fóònù pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá kejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn kì í rẹ́rìn-ín báyẹn fún mi. Èmi, "o ti jẹun?" àti "o ti tilẹ̀kùn?" ni wọ́n máa ń bi mí.

Ní Ọjọ́rú, mo bá Ṣìmí fúnra rẹ̀ nílé nígbà tí mo dé. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí àga mi. Sítóòfù ń jó pọ́nyẹ́pọ́nyẹ́, gíláàsì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ káàbọ̀, Sister mi. Ẹ wo Màmá bí wọ́n ṣe wé ara wọn bí àlùbọ́sà."

"Ṣé o fọwọ́ kan sítóòfù mi?"

"Èmi? Kí ni n ó fi ṣe? Ilé tèmi, a kì í dáná ká tó móoru."

"Mo ní ṣé o fọwọ́ kàn án."

"Sister, bọ́tìnnì mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀! Ẹ̀rọ tí mo fi ń tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù ò ní tó yẹn. Ta ló fẹ́ kú? Mi ò fọwọ́ kàn án o."

Màmá tẹrí ba. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ti ń dákẹ́ fún ogójì ọdún, ó mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí àga mi.

"Tí o bá fẹ́ mú Màmá lọ, sọ ọ́ jáde. Má máa yọ́ wá pa iná mi lọ́sàn-án bí olè."

Ṣìmí gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú kóòtù rẹ̀. "Àgbà ni yín, mi ò ní fún yín lésì. Màmá, ọjọ́ Àìkú, aago kan. Ẹ ti di ẹrù yín sílẹ̀."

Ó tilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ṣìmí kì í gbá ilẹ̀kùn. Ìyẹn gan-an tún jẹ́ ara nǹkan tó ń bí mi nínú.

Ní Tọ́sìdeè mo dáná bí ìṣe mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ó di aago mọ́kànlá mo lọ bá ọ̀gá mi, Abdulhakeem, ọmọ Ìlọrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Mo ní mo fẹ́ lọ sílé.

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Àǹtí, ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹun lórí ìdúró kí àkókò má baà ṣòfò? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo fẹ́ mú ẹnì kan ni."

"Ha. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ mú un."

Mo gbé ọkọ̀ sí ẹnu òpópónà kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín dé ilé. Ọkọ̀ Ṣìmí ò sí níwájú ilé. Mo ní bóyá bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo bọ́ bàtà.

Ilé dákẹ́. Fáànù sítóòfù kò dún. Ilẹ̀kùn gíláàsì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Màmá sì lóṣòó síwájú rẹ̀, wọ́n kẹ́yìn sí mi, bí wọ́n ṣe máa ń lóṣòó ti agbada gàrí gan-an. Korobá irin tí mo ń da eérú sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń fi ìgbakọ mi bu eérú, wọ́n ń dà á sórí ẹyin iná tó kù nínú abọ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn ìgbakọ náà tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Yéè!" Ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Oyèbísí! O fẹ́ pa mí ni? Ṣé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni?"

"Iná yẹn ńkọ́, mà?"

"Mo ń fi eérú bò ó ni, kó má baà kú. Tó bá ti kù díẹ̀ kí o dé, n ó ru eérú kúrò, n ó tẹ bọ́tìnnì, á sì gbéra."

"Ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni n ó wá ṣe? Kí èmi nìkan jókòó sínú ilé, kí iná máa jó bí ẹni pé à ń se oúnjẹ ìsìnkú?" Wọ́n dìde, wọ́n di orúnkún mú. "Ìwọ tí o máa ń pa iná ilé ìwẹ̀ kí n tó jáde tán nínú rẹ̀! Lọ́sẹ̀ yìí, o tún ń fi rúlà wọn igi náà láàárọ̀, o ń wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́, o ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo rí ọ. Mo ní, ọmọ yìí ń ṣọ́ ohun tí mò ń jẹ run. Kí n má di ẹrù sí i lọ́rùn."

Gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn, nítorí kí ara wọn lè móoru ni.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé òtútù ń mú yín."

"Ó ń mú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú lọ síbi tí ooru ti jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Tọ̀dọ̀ Ṣìmí, mo lò ó, mi ò lò ó, bákan náà ni."

Gbogbo obìnrin tó dín gàrí ní Ìkìrun ló mọ iná bò. Alẹ́ ni wọ́n máa ń fi eérú bo ẹyin iná. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ru eérú náà, iná á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa lọ tọrọ iná kiri lọ́wọ́ aládùúgbò. Màmá ló kọ́ mi. Báwo ni n ó ṣe wá sọ fún ẹni tó kọ́ mi ní iná pé iná yìí, kò mọ̀ ọ́n?

Mo dúró kí abọ́ náà tutù. Mo yọ ọ́, mo da eérú inú rẹ̀ nù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọn ihò náà kọjá.

"Ibí ló ti ń mí, mà."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìka kan ihò kan, wọ́n fi kan èkejì.

"Mo dí i nímú."

"Ẹ ò mọ̀ ni, mà."

"Ní gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń bò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì pe ọmọ mi lólè." Wọ́n jókòó. "Èmi náà sì dákẹ́. Oyèbísí, jọ̀ọ́, má sọ fún Ṣìmí. Láti ọjọ́ tí mo gbàgbé omi sórí iná nílé rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ọjọ́ wo la wà lónìí. Tó bá tún gbọ́ èyí, á ní orí mi ti ń dàrú. Kò ní jẹ́ kí n dá jókòó nínú ilé kankan mọ́."

Mo ní mi ò ní sọ. Lẹ́yìn náà mo dáná. Mo fi igi sí mẹ́ta, mo ṣí afẹ́fẹ́ bí ìwé ṣe wí. Màmá fa àga wọn súnmọ́ ọn, wọ́n tẹjú mọ́ gíláàsì.

"Ó ń fò jù. Dín atẹ́gùn yẹn kù."

"Ìwé ní ìdajì, mà."

"Ìwé ò sí níbí. Dín in kù." Mo dín in. "Ó tún kù díẹ̀." Mo tún dín in. Iná náà balẹ̀, ó mọ́ kedere, ó ń ta kánkán. "Ó tó. Má tún fọwọ́ kàn án." Nígbà tí yàrá ti móoru dáadáa, wọ́n ní kí n dín igi kù sí méjì, ó sì gbà. Láàárín wákàtí méjì wọ́n bọ́ súwẹ́tà kan. Kí ó tó di alẹ́ wọ́n bọ́ èkejì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: igi mẹ́ta láàárọ̀, méjì lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ kò tó ìdajì, fáànù méjì. Mi ò tún fi rúlà wọn nǹkan kan mọ́.

Ní Fúráìdeè àti Sátidé, Màmá ló ń da eérú nù, Màmá ló ń fọ abọ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé mo rí àpò wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti dì í. Wọn ò sọ pé àwọn ò lọ mọ́. Mi ò bèèrè. Mi ò tí ì bẹ ẹnikẹ́ni rí pé kó fẹ́ràn mi.

Ṣìmí dé ní aago kan gééré lọ́jọ́ Àìkú. Kò tí ì bọ́ kóòtù tán tó fi dúró. "Haà. Ibí yìí móoru o! Kí lẹ ṣe sí i?"

Màmá wò mí. Mi ò rí irú ojú yẹn lára wọn rí. Ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ayé mi ni mo ti ń dúró de ọjọ́ tí Màmá yóò ṣe àṣìṣe tí Ṣìmí yóò sì mọ̀ pé èmi ni mo jàre. Mo la ẹnu.

"Èmi ni. Mi ò da eérú inú rẹ̀ nù dáadáa, ó dí ojú ihò. Mo fẹ̀sùn kàn ọ́ lásán. Má bínú."

"Ẹ̀yin." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin, Sister? Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ọ̀rá búrẹ́dì tí ẹ tún ń sá a?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. "Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé sítóòfù bíi Bíbélì! Eérú! Ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ mi. Yéè, Sister gbàgbé eérú! Ẹni tó ń yẹ ẹrù gbogbo ayé wò!" Ó jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ojú.

Ó ta mí bí ata. Mo dúró, mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán. Mi ò wo Màmá.

"Ó tó, Ṣìmí," Màmá ní.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ díẹ̀, kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́." Ó dìde, ó gbé àpò Màmá. "Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Gbé e padà sínú yàrá."

"Mà?"

"Mo ní kí o gbé àpò mi padà sínú yàrá. Mi ò lọ mọ́. Mo ní iṣẹ́ níbí."

Ẹ̀rín Ṣìmí tán. "Iṣẹ́ wo? Nílé mi, ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní kí ẹ sinmi."

"O ṣeun. Mo sinmi títí ó sú mi. Ọlọ́run á bù kún ọ."

Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ bí inú mi yóò ṣe dùn tó. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ó dùn títí mo fi gbójú sókè wo Ṣìmí. Ó ń wo Màmá, ó wá ń wo iná, lẹ́yìn náà ó wò mí, ó sì yára gbé ojú kúrò kí n má baà rí i. Ó pẹ́ jù. Mo ti rí i. Nínú dígí ilé ìwẹ̀ mi ni mo ti máa ń rí ojú yẹn.

Ó gbé àpò náà padà sínú yàrá fúnra rẹ̀. Ó jókòó díẹ̀, kò mu tíì, ó ní ọmọ ń dúró. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń di okùn bàtà rẹ̀, ó ń pẹ́ lórí rẹ̀.

"Gbé ọmọ náà wá lọ́jọ́ tí o bá wà ní ọ́ọ̀fù," mo ní. "Kí Màmá gbé e jókòó síbi iná."

"Màá wo ṣíìfù mi," ó ní. Kò gbé orí sókè.

Ohun tí èmi náà ń sọ fún un nìyẹn, ní gbogbo oṣù méjì tí Màmá fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbàkígbà tó bá ní kí n wá kí wọn.